Ohun Tó Ń Dún Lẹ́yìn Sípíkà

Bàámi, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta o. Ìròyìn méjì ni mo ní fún yín. Ọ̀kan dá lórí sípíkà, èkejì dá lórí ilé yín. Ti sípíkà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí òun ni mo fi mọ ti ilé, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ti ilé bẹ̀rẹ̀, inú á bí yín, ẹ ò ní gbọ́ ìyókù.

Sípíkà yín méjèèjì ti dákẹ́. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Fóòmù tó yí ojú rẹ̀ ká ti gbó, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ti òsì ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò jù wọ́n nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo kó wọn sí, torí ẹ mọ Màámi. Orogún ni wọ́n ń pe àwọn sípíkà yẹn nígbà tí ẹ wà láyé, èèyàn ò sì mọ ohun tí ìyàwó ilé lè fi orogún ṣe tí ọkọ ò bá sí nílé.

Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi fóònù gbọ́ orin, ó sì tó wọn. Kò tó mi. Mo máa ń rántí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ẹ bọ́ agbádá sílẹ̀ tó ku síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ ó fi ọwọ́ wọn àyè tó wà láàárín sípíkà àti ògiri, ẹ ó yí ojú àwọn méjèèjì síra wọn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn méjì jọ bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ ó ki àgékù sílípáàsì sí abẹ́ wọn kí pẹpẹ má baà gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí orin àkọ́kọ́ á fi parí. Bí àlejò bá wọlé, ọwọ́ lẹ ó fi júwe àga fún un. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbéraga làwọn kan láàdúgbò pè é? Mo ti bá obìnrin kan jà lórí rẹ̀ rí, n kò sọ fún yín.

Nítorí náà, nígbà tí sípíkà yín kú, mo lọ wá òmíràn. Àlàájì kan wà ní Ìkòtún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ẹ̀rọ orin tòkunbọ̀. Sùúrù ọkùnrin náà pọ̀. Ó jẹ́ kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n gbọ́ oríṣiríṣi. Sípíkà kéékèèké ni mo fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ ìwé, torí pálọ̀ wa ò tóbi. Ó kọ́kọ́ so méjì tí wọ́n fi ike dúdú ṣe, tuntun, iná aláwọ̀ pupa àti búlúù ń tàn yí wọn ká. Ariwo wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ ò sí. Gìtá bo olórin mọ́lẹ̀ pátápátá. Àlàájì wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Sìsí, èyí tó ń tanná yìí, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.”

Ó wá gbé méjì onígi sílẹ̀, tòkunbọ̀, igi rẹ̀ ti bó díẹ̀ létí. Bàámi, n kò purọ́ fún yín, olórin yẹn dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ibi tó ti mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níwájú Àlàájì, ó sì ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Mo rà á, mo gbé e wálé sí Ìgándò, mo gbé e sórí pẹpẹ tí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé gbé wá sí pálọ̀.

Ẹ má bínú pé màá máa pe Bọ̀ọ̀dá ní “ó” nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé àkọ́bí yín ni, òun sì ni àrólé. Tí inú mi bá rọ̀, màá padà sí “wọ́n”.

Mo fi orin háíláìfù yín sí i, èyí tí gìtá olóhùn ńlá máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín rẹ̀. Bí gìtá ṣe débẹ̀ báyìí, nǹkan kan gbọ̀n lábẹ́ ohùn náà, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọmọrí ìkòkò tí omi rẹ̀ ń bọ̀ wá hó. Mo dá orin padà. Ó tún ṣe é níbẹ̀. Inú bí mi, mo gbé sípíkà padà sí Ìkòtún.

Ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, kò gbọ̀n rárá. Ohùn mọ́ tónítóní. Síbẹ̀ ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ó fún mi ní òmíràn tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, aláṣọ lójú. Mo gbé e délé, ibì kan náà nínú orin, ó gbọ̀n. Mo yá ti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun náà gbọ̀n. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo gé sílípáàsì sí abẹ́ wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ọ̀kan sórí àpótí, mo gbé ọ̀kan sílẹ̀. Mo tún padà lọ bá Àlàájì, sùúrù rẹ̀ sì tán lọ́jọ́ náà.

“Sìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ níbí. Ṣé ó gbọ̀n àbí kò gbọ̀n?”

Kò gbọ̀n. Mo gbé e padà wálé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ilé ti wọ̀ ọ́ rèé. Bọ̀ọ̀dá ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé yín lórí. Ó ti da dẹ́kìn kọnkéré lé e, ó ti ń to búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gba ayálégbé, ó ní òun fẹ́ gbé orúkọ bàbá òun ga. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ lẹ fi lélẹ̀, pé ilẹ̀ ibí yìí rọ̀, pé omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ nígbà náà, ó mi orí. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ òbí kì í pẹ́ létí ọmọ ọkùnrin?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń gbọ́ orin lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo kọjú sí sípíkà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo ń dúró kí iná dé. Àwọn bíríkìlà ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lókè. Bí wọ́n ṣe ju ọ̀kan sílẹ̀ gbì, ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí gbọ̀n níwájú mi. Kò sí iná nínú sípíkà. Kò sí orin. Orí mi wú.

Mo sún pẹpẹ kúrò. Ògiri ti sán láti àjà títí dé ilẹ̀. Ìka mi wọ inú rẹ̀. Ẹnì kan ti fi símẹ́ńtì dí i rí, ó ti kùn ún lọ́dà, símẹ́ńtì tuntun náà ti tún là sí méjì, ègé rẹ̀ kan tó fẹ́ já ló ń gbọ̀n. Mo wá rántí pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n da dẹ́kìn ni Bọ̀ọ̀dá gbé pẹpẹ yẹn wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sídìí ògiri yẹn. Ó ní kí a má ṣe sún un o, ó wúwo. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàámi. Mo rò pé torí sípíkà mi ló ṣe ṣe é.

Nígbà tí mo pè é wá wò ó, ẹ̀rín ló fi mí rín.

“Ṣé sípíkà ló wá sọ ẹ́ di ẹnjiníà báyìí? Ilé wo ni ò sán ní Ìgándò? Ọ̀dà lásán ni jàre.”

Mo mú ẹnjiníà gidi wá. Ó wo ògiri, ó jáde síta, ó wo òkè, ó ní kí a kó jáde kí òjò tó fi gbogbo ara dé. Bọ̀ọ̀dá ní ọkùnrin náà fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Mo lọ bá àbúrò yín, Bàbá Ìpájà. Wọ́n pa òwe fún mi, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, kí n má ya ẹbí. Mo ní ẹ̀yin Bàbá, ògiri ti lanu, ẹ dìde ká lọ wò ó. Wọn ò dìde lórí àga. Wọ́n ní ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, àrólé ló mọ ohun tó ń ṣe sí ilé.

Tiwọn ò dùn mí tó ti Màámi. Mo ti gba yàrá kan sí Barúwá fún àwa méjèèjì. Ibẹ̀ mọ́, fèrèsé rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́, èéfín ààtàn Ìgándò ò dé ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ Màámi, mo sunkún, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Wọ́n jókòó sẹ́bàá sàréè yín níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti máa ń ròyìn ọjọ́ fún yín nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fi etí ìró nu táìsì rẹ̀.

“Ẹni tó gbé mi wọ ilé yìí kò tíì ní kí n jáde.”

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ o. Láràárọ̀ ni eruku símẹ́ńtì máa ń wà lórí sípíkà mi, eruku funfun lẹ́búlẹ́bú. Kí n tó jí, wọ́n á ti nù ún kúrò. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́. A wo ojú ara wa, wọ́n sì lọ sí kíṣìnnì lọ gbé omi kaná. Ìlẹ̀kùn kíṣìnnì yẹn náà ò ṣeé tì mọ́. Kí ni kí n ṣe fún wọn? Ṣé kí n so wọ́n lókùn ni?

N kò gbọ́ orin fún ìgbádùn mọ́. Orin kan náà ni mo ń fi sí i lójoojúmọ́, mo ń dúró de ibi tí gìtá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àfi tí mo bá gbé ohùn sókè gan-an ni ògiri tó máa ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ohùn jẹ́jẹ́ tí ẹ fi máa ń gbọ́ orin tí Màámi bá sùn ti tó láti mì í. Láàárọ̀ yìí, mo pa ẹ̀rọ. Àwọn bíríkìlà ò tíì dé. Màámi wúkọ́ nínú yàrá wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ògiri sì gbọ̀n tẹ̀lé e.

Mo sáré wọlé bá wọn. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àwọn lá àlá yín. Wọ́n ní ẹ dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, ara yín dá ṣáká, báàgì ìrìn-àjò wọn, èyí aláwọ̀ ewé, wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Ẹ kàn ń dúró dè wọ́n. Inú wọn dùn débi pé wọ́n jẹ ẹ̀kọ tán, èyí tí wọn kì í jẹ tán. Èmi gbé tèmi padà sí kíṣìnnì.

Òjò ti ṣú báyìí, ojú ọ̀run dúdú láti ọ̀nà Ìkòtún wá. Mo ń gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ń pariwo mọ́ àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n yára parí ìlà búlọ́ọ̀kù yẹn kí omi tó dé.

Bàámi, ibo lẹ ń gbé báàgì yẹn lọ?

Bó bá jẹ́ pé Barúwá lẹ ń tọ́ka sí, ẹ ò sọ ọ́ yé wọn. Ẹ padà wá. Wọn ò ní gbọ́ tèmi, wọn ò ní gbọ́ ti ẹnjiníà, àfi tiyín. Ẹ la ẹnu yín, kí ẹ ní kí wọ́n jáde nínú ilé yìí, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, torí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu tí ẹ bá bínú. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Barúwá, bó bá jẹ́ pé ó sú yín láti máa dá wà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé báàgì náà sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má pè wọ́n. Ẹ̀yin ti ní wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ò tíì ní wọn tó.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gan-an, tí ẹ̀rù yín sì ń bà lónìí.