Aago Méje tí Olójú-kan Ṣe

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Iṣẹ́ tuntun dé bá èmi arúgbó. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ kí n kọ ìwé pélébé kan nípa àwọn aago ọwọ́ tó ti ṣe, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí di ìsinsìnyí tí kò sí irun níbẹ̀ mọ́. Mẹ́fà ni wọ́n. Ìkeje wà lórí tábìlì, inú rẹ̀ ti pé, kò tíì lójú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, aago mẹ́fà péré — kì í ṣe ọ̀lẹ o. Òun ló ń gé eyín àwọn irin róbótó inú wọn níkọ̀ọ̀kan, òun ló ń dán an, òun náà ló ń tò ó. Olójú-kan ni mo ń pè é nínú ìwé ìrántí mi yìí, nítorí gíláàsì kékeré tó máa ń há sójú ọ̀tún. N kò pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀ rí. Irọ́. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n fẹ́ pàtẹ gbogbo rẹ̀ sí gbọ̀ngàn kan lópin oṣù. Alága ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn aago ló ń ṣètò rẹ̀. Ó wọ kóòtù wá nínú oòrùn, ó ní iṣẹ́ àbúrò mi jẹ́ "ìrìnàjò ológo láti inú ariwo bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́." Mo bi í pé ta ló wa ọkọ̀ ìrìnàjò náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń lọ, ìyàwó wa, aya Olójú-kan, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní dókítà ti sọ ọ́: ọwọ́ ọkọ òun tó ń gbọ̀n yẹn kò ní padà sípò. Ìkeje yìí ló kẹ́yìn.

Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

N kò kọ nǹkan kan. Mo gé èékánná.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Mo lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá kan, fèrèsé kan, tábìlì tó ga dé àyà kí ìgúnpá lè sinmi lé e. Kò sí fáànù — nítorí eruku. Kò jẹ́ kí n wọlé pẹ̀lú ìborùn mi, ó ní ó ń já òwú. Ó ní bí mo bá fẹ́ sín, kí n jáde. Èmi tí mo ti lé bí ẹgbẹ̀rún ọmọ jáde nínú kíláàsì.

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó tò wọ́n sórí aṣọ dúdú bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ìkíní tóbi, ọwọ́ mẹ́ta, fèrèsé kékeré fún ọjọ́ inú oṣù, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ìlà méjìlá ló wà lójú rẹ̀. Mo ní, àbí nọ́ńbà kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ tipẹ́. Kò gbójú sókè.

Ìkejì: fèrèsé ọjọ́ ti dí. Ìkẹta: ìlà ti súnkì, ó di àmì kín-ín-kín bí orí abẹ́rẹ́. Ìkẹrin: ọwọ́ kẹta ti lọ. Ọdún márùn-ún ló fi wá bí dídún rẹ̀ yóò ṣe rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló tún eyín inú rẹ̀ gé. Ìkarùn-ún: orúkọ òun fúnra rẹ̀ ti kúrò níwájú, aago náà sì fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì. Ìkẹfà: ọwọ́ méjì lórí funfun báláú. Ó parí. Bí ojú ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Ìkẹfà rẹwà ṣá. Ẹni bá ní kò rẹwà, ojú ló ń dùn ún.

Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìgbéraga kékeré kan síbí, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń kà á. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó kọ́ àwọn aago wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, èmi ni.

Ọjọ́ tó parí ìkíní, inú yàrá àlejò bàbá wa ni. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi wà níjókòó. Ó fi áńkáṣíìfù wé e wá, ó fo bàbá wa dá, èmi ló kọ́kọ́ fún. Mo gbé awò sójú, mo gbé aago náà wò bí ìwé ìdánwò. Nọ́ńbà kún ojú rẹ̀, pàápàá 4 kan tó ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni jókòó sórí ẹní. Mo ní, "Olójú-kan, ta ló kọ nọ́ńbà yìí, adìyẹ? Aago tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pariwo tó báyìí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ẹ wo bí àwọn aago rẹ̀ ṣe ń fara balẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ ìbáwí. Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé náà, mo sì fàlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Ó ṣí ẹ̀yìn wọn hàn mí lónìí. Á! Bí iwájú ṣe ń ṣófo ni inú ń kún. Ẹ̀gbẹ́ gbogbo irin ibẹ̀ ló fi ọwọ́ dán títí ó fi ń kọ mànà, pẹ̀lú àwọn tí kò sẹ́ni tó máa rí i títí ayé. Ní ìkíní, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní ìkẹfà, mo bọ́ awò mi, mo nù ún, mo tún wò ó.

Ó ya mí ní gíláàsì ojú rẹ̀. Lábẹ́ irin tó kẹ́yìn nínú ìkẹrin mo rí nọ́ńbà kan tó fín síbẹ̀, kò tó orí èèrà. 4. Mo rò pé ti aago kẹrin ni. Mo wo ìkejì: 4. Mo wo ìkẹfà: 4. Gbogbo wọn. Mo bi í. Ó ní, "Àmì lásán ni, Ẹ̀gbọ́n," ó sì dé e. Ó ṣòro fún un láti dé e. Mo wo fèrèsé títí ó fi ṣe tán.

Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Ìyàwó wa wá kí mi. Mo bi í nípa 4 inú aago. Ó kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní ọkọ òun ti ní kí òun má sọ ọ́ láé, ṣùgbọ́n láé náà ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, 4 yín ni."

Ó ní nígbà tí ọkọ òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tí ibà dá a dúbúlẹ̀, mo kọ nọ́ńbà láti orí 1 dé 12 sórí tákàdá kan fún un, mo ní kó máa dà á kọ. Ó tọ́jú tákàdá náà títí ikán fi jẹ ẹ́. Nígbà tó ṣe aago àkọ́kọ́, ìkọ̀wé mi ló dà kọ sójú rẹ̀, látorí 1 dé 12. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ló kọ́kọ́ fún. Ó ń retí kí n mọ ọwọ́ ara mi.

N kò mọ̀ ọ́n.

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú bírò pupa, òun ni mo rí. Mo ti rántí ìdí tí n kò fi mọ̀ ọ́n. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni ogún ọdún ni mí, alábẹ̀wò ilé ìwé dé sí kíláàsì mi. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí pátákó níwájú ogójì ọmọ. Ó ní, "Ta ló kọ nọ́ńbà yìí, adìyẹ?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò mọ̀. Mo délé, mo kọ 4 tuntun tó nà ṣánṣán bí ọ̀pá yẹn, n kò sì kọ ti àtijọ́ mọ́ láyé mi. Ẹ̀fẹ̀ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yangàn, mo jí i ni.

Ẹyin lohùn. Èmi ni mo ń fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

N kò lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún kọ́.

Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Alága pè mí. Ó ti ka ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí i, ó ní omi bọ́ lójú òun níbi "ọmọ tó gbọ́ ìbáwí." Ó fẹ́ kí ojú ìkeje ṣófo pátápátá, kó jẹ́ "adé orí ìdákẹ́jẹ́." Ọkùnrin yìí lè fi adé dé orí àga. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa yan ojú aago náà nínú iná. Wọ́n ń yan án bí ìkòkò ni: ohun tí wọn kò bá yà sórí rẹ̀ kó tó wọ iná ìkẹyìn, kò lè débẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà

Mo lọ. Mo bọ́ ìborùn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére; nígbà tí mo jókòó, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní 4 ti èmi ni, n kò sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Ó yọ gíláàsì kúrò lójú. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ń rọ̀. Kò bínú. Ì bá bínú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tu ẹni tó bínú lójú. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń wá aago kan tí n kò ní rí nǹkan mú níbẹ̀. Ohunkóhun tí òun bá rò pé mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀, òun á yọ ọ́: nọ́ńbà, ọjọ́, ọwọ́ kẹta, ariwo, orúkọ. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ kí n yọ aago kúrò lára aago." A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò dùn mọ́ mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá nọ́ńbà padà sójú ìkeje. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè hàn mí, ó ń gbọ̀n rìrì. Ó ní obìnrin tó ń bá òun ya ojú aago lè dà á kọ bó bá rí i lórí tákàdá. Ó ní kí n kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Mo ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàntàrí. Mọ́kànlá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n dúró bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi òróró pa lára. 4 kò jáde. Mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó dà bí ẹni ṣubú. Mo tún un kọ, ọ̀pá alábẹ̀wò ló ń jáde. Tákàdá mẹ́jọ. Mo ti lé e jìnnà jù, kò mọ̀nà ilé mọ́.

Olójú-kan ń wò mí. Ó fa bírò kúrò lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n òun ni. Mo rí ara mi lọ́mọ ogún ọdún lórí tákàdá, kó tó di pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Òun la fi ránṣẹ́, pẹ̀lú mọ́kànlá mi.

Ìṣẹ́gun, 25 Ẹrẹ́nà

Ojú aago ti dé, kò sán. Ìyàwó wa di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú títí ó fi fi gbogbo rẹ̀ sípò. Mo tún ìwé pélébé náà kọ látòkè délẹ̀, òótọ́ ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo fún un ní márùn-ún nínú ogún. Ti ìkọ̀wé tó mọ́ ni. Alága ní kì í ṣe ohun tí òun ń retí. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mi.

Àbámẹ́ta, 29 Ẹrẹ́nà

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n to aago méje sínú gíláàsì, látorí ìkíní dé ìkeje. Àwọn ènìyàn ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìkẹfà. Nígbà tí wọ́n bá dé ìkeje, wọ́n á dúró.

Alága tẹ̀ síwájú láti wò ó. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ó bá fajú ro. Ó ní mọ́kànlá gún régé, ọ̀kan kò bá wọn mu, ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ká ẹsẹ̀ kò. Ó bojú wẹ̀yìn wo gbogbo wa. Kò ní ìkà nínú, ó kàn fẹ́ mọ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ nọ́ńbà yìí?"

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbúrò mi wà lódìkejì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni."

Ìdáhùn yẹn pẹ́ lọ́dún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sí alábẹ̀wò tó kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Olójú-kan yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò, ó jẹ́ kó máa gbọ̀n lójú gbogbo ènìyàn.

Mo sún mọ́ gíláàsì náà láti wo ìkeje dáadáa. Mo gbìyànjú. Àwọn mẹ́fà yòókù ni mo ń rí, àti gbogbo ohun tí ẹ̀fẹ̀ mi yọ kúrò lára wọn.