Omi Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ ní Pálọ̀ Bàbá

Ilé Bàbá Àbúdù,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Sàúdátù,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí pé mo gbójúgbóyà láti kọ ìwé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì ti fà á ya. Ọmọ tó ba nǹkan ẹni jẹ́ kò yẹ kó tún máa yọ olúwarẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kò wọ̀ yín lọ́rùn jù, pé òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù kò sì fi òtútù ṣe yín.

Bàbá yín wà, Màmá náà wà. Ojú Bàbá ni kò yé lọ sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ni wọ́n ń rí báyìí. Bí èèyàn bá dúró níwájú wọn, bí òjìji ló ń rí. Èmi ń lọ sí yunifásítì ní Ìjagun lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí olùkọ́ má baà pè mí.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí n kò pè yín. Fóònù mi ti bàjẹ́. Ẹ ó ka ibi tó bàjẹ́ sí. Ti Bàbá nìkan ló kù nílé, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í gbọ́ ohùn inú rẹ̀ àfi bó bá ń ké sí gbogbo ilé. Nígbà tí ẹ pè lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ ní, "Ayman, àwọn ọmọ mi inú gíláàsì ńkọ́?", tí mo ní, "Wọ́n wà, mà," Bàbá ló jókòó tì mí. Àǹtí, wọn kò sí mọ́. Kò ku ẹyọ kan.

Ẹ rántí ọdún tó kọjá, tí òtẹ́ẹ̀lì yín ń tún ilé ṣe, tí wọ́n fẹ́ da gíláàsì ẹja ńlá ẹnu ọ̀nà nù. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ sì fi ọkọ̀ gbé e wá fún Bàbá, tòun ti ẹja méjèèjì pupa abilà funfun àti iyùn alààyè tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Èmi tí mo ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn nítorí ẹ̀kọ́ kò mọ̀ rí pé iyùn tí àwọn ìyá wa ń so mọ́rùn a máa là lówùúrọ̀ bí òdòdó, a sì tún máa pa dé. Bàbá tó fi ọdún méjìlélógún ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Òkun tí mo sá fún ló tẹ̀lé mi wálé yìí."

Nígbà tí omi náà wá ń dọ̀tí, ẹ ní àpótí ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́, èyí tí àwọn tó ń ta ẹja l'Ékòó ń pè ní sọ́ǹpù: gíláàsì kejì tí a ó fi pa mọ́ sábẹ́ tábìlì, kí omi òkè máa ṣàn wá síbẹ̀, kó fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀, kí pọ́ǹpù sì tì í padà sókè. Èmi ni mo yára sọ pé mo lè kàn án. N kò mọ ohun tó tì mí. Bóyá torí pé láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, kò tíì sí ohun kan tí mo lè nawọ́ sí pé èmi ni mo ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yà á sórí ìwé. Yàrá mẹ́ta ni mo pín in sí: ọ̀kan fún àpò asẹ́, ọ̀kan fún òkúta àti ewé òkun tí yóò máa jẹ ìdọ̀tí, ọ̀kan fún pọ́ǹpù. Bọ̀dá Richard tó ń gé gíláàsì ní Ayépé ló bá mi gé e. Wọ́n wo ìwé mi títí, wọ́n ní, "Ọmọ yunifásítì, ṣé pósí ẹja lo fẹ́ kàn ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo bu omi sí i, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fò. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́ fún mi pé kí n lu ihò kékeré sára páìpù tó ń gbé omi padà sókè, nítòsí ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀ bí pọ́ǹpù bá dákẹ́. Láìsí ihò yẹn, páìpù náà yóò máa fa omi òkè wálẹ̀, bí róbà tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù jáde nínú ọkọ̀. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń luhò lọ́wọ́ Bọ̀dá Richard. Mo gbé e lé páìpù, mo tún gbé e kúrò. Ẹ̀rù bà mí pé yóò là, pé wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí tán kí Ayman tó bà á jẹ́. Mo ní ó dọ̀la.

Ọ̀la yẹn ni Iléyá. Láti ọjọ́ náà, ó kọjá Ojúde Ọba, ó tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, iná kò lọ rárá ní àdúgbò wa. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, iyùn ń là. Èmi tí wọ́n bí sínú òkùnkùn, tí mo fi àtùpà kàwé tí mo fi yege, mo gbàgbé pé iná a máa lọ.

Bàbá gbé àga wọn sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Bó ṣe ń dún yìí, bí ìgbà tí a so ọkọ̀ mọ́ èbúté, tí omi ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ayman, ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́." Àǹtí, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo wà ní Ìjagun. Omi òkè rọ́ wálẹ̀, àpótí mi kún, ó sì ya sí pálọ̀. Bàtà Bàbá ń léfòó. Màmá gbá omi títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n. Bàbá wá ń béèrè pé kí ló dé tí omi òun kò dún mọ́. Màmá rí i pé omi gíláàsì òkè ti fà, wọ́n fa omi kànga, wọ́n da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, wọ́n sì bù ú kún un. Nígbà tí mo wọlé, iná ti dé, pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́, inú wọn ń dùn. "Mo tọ́ ọ wò dáadáa o. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú." Ta ni mo fẹ́ bá wí? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo omi náà, fóònù bọ́ lápò àyà mi sínú àpótí, n kò tilẹ̀ wò ó. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè gbé ẹja òkun ró, iyọ̀ òkun gidi tó kù nílé kò sì lè po omi ju garawa méjì lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iyùn kò là. Ó rí bí ohun tí wọ́n da eérú sí. Ẹja kékeré kú ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó tóbi ń yí ibi tí èkejì rẹ̀ máa ń sùn ká títí di Ọjọ́rú, òun náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìdí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ni mo sin wọ́n sí.

Mo ti lu ihò náà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Páìpù kò là. Ní báyìí, bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ̀kán omi kan kò ní í kan ilẹ̀. Àpótí náà ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe yà á gẹ́lẹ́, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí kan tó ń ṣiṣẹ́ fún. Mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa lọ nítorí ìró rẹ̀. Bí Bàbá bá kírun òwúrọ̀ tán, wọ́n a ní, "Ayman, ṣé wọ́n ti là?" Màmá a kọjú sí ògiri. Èmi a ní, "Wọ́n ti là, sà." "Èyí pupa ńkọ́?" "Ó là ju tàná lọ, sà."

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ ní Ìjagun, Àǹtí. Ohun ẹlẹ́mìí! N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má rán òmíràn. N kò rò pé ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan tó ń mí ṣọ́ mi mọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín ju bí mo ṣe ṣọ́ ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lọ. Kí ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín tọ́jú má ṣe tọwọ́ ẹlòmíràn bàjẹ́ mọ́. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ayman.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí, mo ń retí Bọ̀dá Gilbert awakọ̀ tí yóò mú un bọ̀, ni Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti gbọ́ tí o ṣí agolo oúnjẹ ẹja gbẹ̀yìn. Ẹja wo ló ń gbààwẹ̀ lẹ́yìn Iléyá?" Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. Jẹ́ kí omi náà máa lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Sàúdátù gbọ́ o. Ibi tó ti gbé wọn wá jìn. Lọ́la n óò tún bi ọ́ bóyá wọ́n ti là, kí o dá mi lóhùn bí o ti máa ń ṣe. Mo fẹ́ràn bí o ṣe ń sọ ọ́." Nítorí náà, Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ìwé yìí kò dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá tún pè, ẹ béèrè àwọn ọmọ yín kí Bàbá gbọ́, èmi náà á ní wọ́n wà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ sun ún níná.