Ọfà Tó Le Ju Ọrun Lọ

Bàbá mi, ẹ kú òjò o. Ara mi dá ṣáṣá ní Mafoluku.

Ọrun tí mo rà l'Óṣòdì rọ̀ ju tilé lọ. Eré ni mo kàn fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọfà tí ẹ gbẹ́ fún mi fẹ́ yà mí ní wèrè! Ó le ju ọrun yìí lọ, ẹ̀gbẹ́ ló ń yà sí. Mo gé e kúrú kó lè fúyẹ́, ló bá tún le sí i! Lánàá, nínú igbó ẹ̀yìn ilé, ọ̀yà kan wò ó bó ṣe ń kọjá, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ òmíràn tó tínínrín fún mi, kó gùn.

Mi ò ru sìmẹ́ńtì mọ́; ọ̀gá ní kí n sinmi.

Ẹ kí Màmá. Kí wọ́n gbé ọrun mi wálẹ̀ díẹ̀ lára ògiri, síbi tí mi ò ní nawọ́ sókè kí n tó mú un.

Adéyínká, ọmọ yín.