Orí Tí Mo Fi Pamọ́ fún Màámi

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta

Màámi pè. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn, mo ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù bí ọmọdé. Ni wọ́n bá ní kí n tú gbogbo ohun tó wà lórí mi kí àwọn tó dé, pé àwọn fẹ́ di irun mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Wọn ò mọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí wọn ò mọ̀. Irun tí wọ́n ń sọ ò sí mọ́. Mo dúró níwájú dígí báyìí, mo ń wo ohun tó ṣẹ́kù: iwájú ti pá, ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì ń dán, àárín gbẹ bí ìgbálẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ló ṣì ń ṣe bí irun. Rílásà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kóòmù gbígbóná gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ìpara tó ń sọ irun di pupa ló wá parí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ohun kan ṣoṣo ni Màámi kìlọ̀ fún mi: "Má fi rílásà kan irun yìí o." Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ yẹn náà ló wà lórí mi yìí.

Wíìgì ni mo fi ń bò ó. Àlejò ni mo sọ ọ́, torí tí mo bá ti wọlé ló máa ń kúrò lórí mi, tó máa lọ jókòó sórí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó máa máa wò mí. Tí mo bá lọ kí Màámi, àárọ̀ ni mo ń dé, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń padà. Tí wọ́n bá ti nawọ́ sí orí mi, mo ti dìde lọ bu omi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bu omi. Ó yẹ kí n ti bu odò gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Irun gbọ́dọ̀ wà lórí mi tí ọwọ́ wọn lè dì mú. Ìwé, ìwọ ni màá máa sọ fún.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ wa lónìí, mo lọ ẹ̀wù sílíkì kan. Mo dín iná kù, mo fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ lórí, mo fọwọ́ kàn án wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò jó aṣọ aláṣọ rí. Irun orí mi ni mo jó. Ẹ̀wù ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo ṣìkẹ́ ju orí tí mo gbé wáyé lọ. Ìwé, ṣé o rí ayé mi?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì ni, kì í bẹ̀rù nǹkan. Mo ṣí Àlejò, ó pariwo — nọ́ọ̀sì tó ti rí gbogbo egbò ayé! Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí ojú mi ló dákẹ́. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára mi.

Ó ní, "Àǹtí mi, irun kì í jẹ ìpara. Ohun tẹ́ ẹ bá jẹ ló ń jẹ." Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀pà. Ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ. Kí n má mu tíì lé oúnjẹ mọ́ — tíì tí mo fẹ́ràn bí ojú! Ó wá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo èyí tó ti jóná. Mo ní kó fún mi lára èyí tó gé. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́ bí koríko gbígbẹ. Èyí tó kù lẹ́yìn orí mi ò ju oríkèé kan nínú ìka mi lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Màámi. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ẹ gbà mí o. Mo gbọ́ pé ẹyin dáa fún irun. Mo po ẹyin méjì mọ́ òróró ólífì, mo fi ra orí, mo dúró fún ìdajì wákàtí, ara mi ń yá gágá. Mo wá fi omi gbígbóná ṣàn án. Ẹyin jinná sí mi lórí! Ó dì pátápátá, funfun àti pupa ẹ̀. Títí di ọ̀sán ni mo fi ń ṣa á jáde.

Mo pe àbúrò mi. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá ń pariwo, "Omi tútù, Àǹtí mi! Omi tútù!" Ìbínú ni mo fi jẹ àwọn ẹyin tó kù.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Ilé pa rọ́rọ́. Òòrùn bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé wa. Ó sì ṣe mí bákan.

Ọjọ́ Àìkú bíi tòní ni Màámi máa ń di irun mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, èmi á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún wọn. Òróró àgbọn á wà nínú ìdérí agolo mílíìkì, wọ́n á gbé e sínú òòrùn kó lè yọ́ fúnra ẹ̀. Wọn kì í gbé e kaná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ṣé ìkòkò ni orí mi ni. Òòyà onígi wọn nìyẹn, tí eyín kan ti yọ lẹ́nu ẹ̀ — orí mi ló ṣẹ́ ẹ. Wọ́n fi eyín yẹn han gbogbo ará àdúgbò: "Ẹ wá wo irun ọmọ mi, ó le ju igi lọ!" Bí mo ṣe ń yan kiri lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá rí mi á rò pé mo gba ìwé ẹ̀rí.

Wọ́n á fi ètè há etí òwú, àárín eyín ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá mira, orúnkún á há mi mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá dé ẹ̀gbẹ́ etí, "Di etí ẹ mú." Màá tẹ etí wálẹ̀, màá dì í mú gírígírí bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Màá máa sunkún pé ó ń dùn mí. Irọ́ ni. Ọwọ́ Màámi kì í dunni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀ mí ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe pàdé bàbá mi. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní ká pààrọ̀ ìjókòó, èmi lókè, àwọn nílẹ̀, kí n wá di tiwọn. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní mo lọ́wọ́ ẹ̀. Àbúrò mi ò kọ́ ọ, ìwé ló ń kà. Látìgbà náà, a máa ń bára wa dì í ni, kódà lẹ́yìn tí mo kúrò nílé. Títí mo fi jó tèmi.

Mo sunkún díẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Omi àlùbọ́sà ló kàn. Mo fi ra orí lánàá, mo fọ̀ ọ́, mo gbé Àlejò lé e, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ooru áyọ́ọ̀nù jí òórùn náà. Ọ̀gá Sítáàṣì — ọ̀gá wa, torí ó máa ń dúró gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n lọ — bẹ̀rẹ̀ sí í fimú fínlẹ̀. Ó ní ta ló kó ọbẹ̀ wọ inú kóòtù oníbàárà. A gbóòórùn kóòtù mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń bá wọn gbóòórùn ẹ̀, ojú mi le koko. Ó ní ká tún kóòtù dúdú kan fọ̀. Kóòtù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ti jáwọ́ nínú àlùbọ́sà. Tó bá ti kọjá inú ọbẹ̀, ó tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Kò sí nǹkan kan. Iwájú ń dán bí abọ́. Ẹ̀wà ti sú mi. Ẹ̀fọ́ ti sú mi.

Mo ṣe ohun tí kò dáa. Mo pe Màámi, mo ní ó ṣeé ṣe kí n rìnrìn-àjò nínú oṣù karùn-ún. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Iṣẹ́ ni." Ohùn wọn kéré. Mi ò gbọ́ kí ohùn Màámi kéré bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fóònù sílẹ̀, ara mi ò gbà á. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo tún fi pè, mo ní wọ́n ti sún ìrìn-àjò náà síwájú. Irọ́ lórí irọ́. Àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Òróró àgbọn nìkan báyìí, nínú òòrùn, nínú ìdérí agolo. Mò ń fi ìka ra orí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹrin

Ó Ń HÙ!

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún. Mo rò pé eruku ni, mo nù ún, kò kúrò. Irun ni! Ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Mo gbé dígí lọ sójú fèrèsé, mo wò ó, mo tún wò ó. Mo jó nínú yàrá ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Sítáàṣì ká mi mọ́ ọn. Ó ní ṣé ara mi yá. Mo ní ó yá, sà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin

Màámi pè. A sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n wá bi mí, bí ẹni tí kò bìkítà, pé ẹni tí irun ẹ̀ bá já, kí ló yẹ kó máa jẹ. Mo rò pé àbúrò mi ti tú mi fó. Mo ní ta ni irun ẹ̀ já? Wọ́n ní aládùúgbò àwọn kan ni. Mo ka ẹ̀wà àti ẹyin fún wọn. Wọ́n ní, "Òróró àgbọn ńkọ́, ṣé ó ṣì dáa?" Àwọn tó kọ́ mi ló ń bi mí! Mo ní àgbà ló ń dé.

Àbúrò mi búra pé òun ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ti kọjá oríkèé méjì. Àárín ti dúdú, ó ń rọ̀. Iwájú ṣì fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ etí ò tíì kún. Kì í ṣe irun tó ṣẹ́ eyín òòyà. Àmọ́ ó tó dì mú.

Mo ká Àlejò sínú ọ̀rá, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Orí lásán ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lọ́nà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀gá Sítáàṣì wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìwọ rèé?" Mo ní èmi ni, sà. Ó ní ó dáa.

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Màá sọ òótọ́ fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti dé. Wọ́n ti rù. Gèlè wọn wálẹ̀ dé iwájú orí.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbé orí mi síbi tí ọwọ́ wọn lè tó, mo ń dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà létè mi. Wọn ò nawọ́. Mo wá sún mọ́ wọn sí i. Mo ní, "Gèlè yín yìí ò fún yín jù?" Mo fẹ́ bá wọn tú u.

Màámi dìde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bu omi.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Mi ò sùn dáadáa. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Òróró sínú òòrùn. Òwú. Òòyà. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún Màámi, mo sọ gbogbo ẹ̀ — rílásà, kóòmù, Àlejò, omi tí mò ń bu. Mi ò lè wo ojú wọn, ìlẹ̀kùn ni mò ń wò. Mo ní kí wọ́n má bínú.

Ọwọ́ wọn wá dé orí mi. Ó ń gbọ̀n. Ó wá iwájú lọ, ó yí ẹ̀gbẹ́ etí ká, ó dúró síbi tó fẹ́lẹ́. Mo rí òwú tó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mú un, ó tún bọ́.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ò lè dì í mọ́. Ọdún kẹta rèé."

Mo yíjú padà. Wọ́n ti tú gèlè. Iwájú orí Màámi ń dán bíi tèmi. Ẹ̀gbẹ́ etí bákan náà. Irun funfun péréte ló kù lẹ́yìn.

Rílásà ni. Màámi mi! Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò lè ya irun wọn mọ́, ọmọbìnrin onídìrí kan ládùúgbò ní tí òun bá nà án, á rọrùn láti yà. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ kó bá mi dì í? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n dì. O kàn máa ń wá bu omi, wàá sì máa lọ." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n ní àwọn kàn sọ pé àwọn fẹ́ di tèmi ni, ká lè jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀, bóyá àwọn á láyà láti bọ́ gèlè. Nígbà tí àwọn dé, ojú ti àwọn, torí àwọn ló kìlọ̀ fún mi.

Ọdún mẹ́fà. Mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló ń di irun ìyá mi.

Mo gbé orí lé orúnkún wọn, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn ń ra mí lórí. Kò dùn mí. Kò dùn mí rí.

A pààrọ̀ ìjókòó. Mo fi tìmùtìmù sílẹ̀ fún wọn, èmi bọ́ sórí àpótí. Òróró ti yọ́. Mo fi ra gbogbo ibi tó pá, mo lọ́ra gan-an ni. Mo ní ẹ̀wà la máa jẹ lọ́la, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn ẹ̀wà, mo ní kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń mì láàárín orúnkún mi. Mo ya èyí tó kù lẹ́yìn sí mẹ́rin, mo fi ètè há òwú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Mo dé ẹ̀gbẹ́ etí. Mo ní, "Ẹ di etí yín mú, Màámi."

Wọ́n dì í mú.