Nẹ́ẹ̀tì Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Ń Sẹ́ Ògì

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́: ẹ̀rù ògì ilé wa ń bà mí.

Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé là ń gbé. Àwọn òyìnbó kan máa ń wá tọ́jú àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Torí pé mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi ni ògbufọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n ní oògùn apẹ̀fọn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ lè sùn sábẹ́ ẹ̀. Èmi wá fi tèmi kún un: “Kò lè ṣe ọmọ jòjòló ní nǹkan kan!”

Ìyá ọkọ mi ló ń ta ògì fún gbogbo abúlé. Nígbà tí asẹ́ wọn ya, wọ́n gé nẹ́ẹ̀tì tiwọn, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì báyìí. Ọmọ Zubaidah, aládùúgbò wa, ti ń bì. Bó ṣe ń bì ni ìyá rẹ̀ ń fún un ní ògì, kó lè lókun. Ọmọ Gbọ́njúbọ́lá, aládùúgbò wa kejì, náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀ yìí. Bóyá nẹ́ẹ̀tì ni, bóyá kì í ṣe òun, n kò mọ̀. Mo sọ fún Màámi, ìyá ọkọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, ṣebí ẹnu ẹ la ti gbọ́ ọ pé kò lè ṣe ọmọ jòjòló ní nǹkan kan? Àbí o fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?”

Wọ́n ti tún rẹ àgbàdo míì.

Ẹ̀yin òbí, ṣé kí n dójú ti ìyá ọkọ mi ni? Ẹ bá mi dá sí i. Àwọn òyìnbó ń bọ̀ lọ́la. Kí n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan fún wọn, n ó di nẹ́ẹ̀tì yẹn mú lọ́wọ́, n ó sì jẹ́wọ́ tèmi tí mo fi kún ọ̀rọ̀ wọn níwájú gbogbo ìyá ọmọ, lójú Màámi.