Èmi Ni Mo Fi Iyọ̀ sí Ẹ̀kọ Ìrẹsì Náà

Nítòsí Whalebone Lane,
Dagenham, London.
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Alàgbà Adédèjì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi àti Tiwaladé ọmọ mi wà ní àlàáfíà, iṣẹ́ sì ń lọ ní ilé-ìdáná ilé-ìwé tí mo ti ń se oúnjẹ. Ara ló le, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi ni kò dúró sójú kan. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá tí mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá tàbí oore ni mo ṣe, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè bi tí kò ní fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹ rántí Vasuki, aládùúgbò mi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lórí fóònù, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé rẹ̀ àti tiwa. Ará Tamil ni, láti orílẹ̀-èdè Sri Lanka. Ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ń pe arúgbó náà ní Ìyá Vasuki, ó sì ń dáhùn.

Ogun jà ní ìlú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí yóò fi parí ní 2009, wọ́n ti há àwọn aráàlú mọ́ etí òkun kan, bọ́ǹbù ń rọ̀ lé wọn lórí, oúnjẹ sì tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jọ̀wọ́ ara wọn fún ọmọ ogun ìjọba, ẹnikẹ́ni kò rí wọn mọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Vasuki bí wà nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Vasuki kò fi pamọ́ fún mi pé àwọn ajìjàgbara tiwọn náà ń fi tipátipá mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Tamil tó wà ní London ti ń kọ̀wé sí àwọn aṣòfin níbí, àti sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, pé kí wọ́n gbé àwọn tó ṣe é lọ sí ilé-ẹjọ́ tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìlú wọn. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ wọn rú mi lójú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe nílé wa: bí ọ̀dọ́ bá kú, a ó sin ín wẹ́rẹ́, òbí kì í yọjú síbi sàréè, a kì í sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń gbé fọ́tò ọmọ kiri ojú títì. Mo bi Vasuki pé ṣé wọn ò lè fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni. Ó ní, "Àǹtí, Ọlọ́run ti mọ̀. Àwọn tó ní àwọn ò mọ̀ là ń sọ fún."

Lọ́dún yìí, lọ́yà kan, obìnrin, ọmọ ilẹ̀ wọn, ń kó ẹ̀rí jọ láti gbé lọ sí Geneva. Ìyá Vasuki nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó rí bí wọ́n ṣe mú ọmọ náà. Vasuki ti wà ní London nígbà náà, kò rí nǹkan kan. Bí arúgbó náà kò bá sọ̀rọ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ kò ní wọ inú fáìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lọ́yà ti jókòó tì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa ẹnu dé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Sátidé tí mo ń sọ yìí sì ni lọ́yà ń lọ. Mo máa ń gbọ́ ẹkún Vasuki láti ẹ̀yìn ògiri.

Gbogbo ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìrántí. Wọn a se ìrẹsì kí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, wọn a bù ú fún gbogbo ẹni tó bá wá. Vasuki yá ìkòkò ńlá tí mo fi ń se oúnjẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a gbé e kaná lẹ́yìnkùlé mi. Ó ní kí n máa bá òun rò ó, kí òun lọ wọṣọ fún ìyá òun. Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n mi, omi lásán! Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí ohunkóhun. Mo ní ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí ọmọ yìí gbàgbé. Ṣé báyìí ni oúnjẹ àlejò yóò ṣe rí, kí wọ́n sì gbọ́ pé ìkòkò Bọ́ládé ni wọ́n fi sè é? Àṣejù, baba àṣetẹ́: mo ti mọ òwe náà kí n tó mọ Dagenham, mi ò sì fi ṣe nǹkan kan. Mo bu iyọ̀ sí i, mo rẹ́ àlùbọ́sà sí i, mo fi ata gígún díẹ̀ sí i, mo da edé lílọ̀ lé e, mo wá fi mágí mẹ́fà kádìí rẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e dé kí Vasuki tó jáde. Mo dé ìdérí rẹ̀, inú mi ń dùn.

Ní gbàgede iwájú gbọ̀ngàn ìlú ní Barking, èrò tò pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n bu ẹ̀kọ náà sínú ife bébà. Ẹni àkọ́kọ́ mu ún, ó wo inú ife. Bàbá kan gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Vasuki tọ́ ọ wò, ó kọjú sí mi: "Àǹtí, what did you put inside?" Èmi tí mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìgbà náà ló ṣàlàyé pé ìrẹsì àti omi ni gbogbo ohun tí wọ́n rí jẹ létí òkun náà, òun ni wọ́n sì ń mu lọ́dọọdún kí wọ́n má bàa gbàgbé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ fẹnu kan ẹran tàbí ẹja lọ́jọ́ náà. Tiwaladé fọwọ́ bojú: "Mummy! It's a memorial, kì í ṣe party o! Ẹ fi mágí sí i?" Ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni Ìyá Vasuki ti mu tirẹ̀. Ó mu ún, ó dúró, ó tún mu ún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré, ó sì ń ga sí i. Gbogbo ènìyàn yíjú. Lọ́yà sáré wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Arúgbó náà kò dánu dúró títí ife fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé ni Vasuki túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ ní, "Kò rí báyìí. Kò ní iyọ̀." Ó ní ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọmọ òun tọrọ iyọ̀ sí ẹ̀kọ rẹ̀, òun sì ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó wà. Díẹ̀ ṣíún ló kù, òun so ó mọ́ etí aṣọ òun de ọ̀la, torí òun rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ṣọ́jà ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jáde wá wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá wọn kan sọ fún òun pé yóò padà wá lọ́sàn-án. Ó ṣàpèjúwe ọ̀gá náà, ó sọ àwọ̀ bọ́ọ̀sì náà, ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Ó ní iyọ̀ náà ṣì wà létí aṣọ òun nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ. Ìtìjú iyọ̀ yẹn ló di òun lẹ́nu láti gbogbo ọdún yìí wá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún.

Arúgbó náà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà lọ́jọ́ Àìkú, lọ́yà sì ti gbé e lọ. Ó yẹ kí n máa yọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, oúnjẹ kò wọ Ìyá Vasuki lẹ́nu. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wọn ń bínú pé mo sọ ìrántí di àsè. Vasuki fúnra rẹ̀ ní, "Àǹtí, I don't know whether to thank you or to fight you." Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, mi ò bá mú àgbàlagbà kan dání lọ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ní mo ṣe? Ṣé kí n ní kí wọ́n má bínú pé òótọ́ jáde? Mi ò sì mọ̀ bóyá ilé-ẹjọ́ kankan yóò gbọ́ ọ láéláé. Vasuki náà kò mọ̀.

Lánàá, mo dá lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà. A ò gbọ́ èdè ara wa. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí ni, tàbí orí ọmọ rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa. Ẹ bá mi rò ó, kí ẹ fèsì sí mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ. Kí ó fún orúnkún yín lókun, kí ẹ pẹ́ fún wa, kí a tún fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n rí,
Bọ́ládé.

Àfikún: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ ọmọ náà sínú àdúrà lọ́jọ́rú. Kokulan ló ń jẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, akọ̀wé sì bi mí pé ṣé lábẹ́ àwọn alààyè ni tàbí lábẹ́ àwọn tó ti sùn. Mo mú bírò dání títí, mi ò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ pé ó kú. Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀.