Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Fíìmù Ti Wà Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ

Kelepi, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Auckland kò tíì fi imú rẹ ṣe ilé? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé o ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí iwájú tẹlifíṣọ̀n ni o ti ń jọ́sìn báyìí? Olúwa tó mú ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí erékùṣù wa láìrì yóò mú ọ dé ibi tí ò ń lọ, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lu ibi. Àwa náà wà. Ìjì wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n iṣu ta dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ àgbà bí, ó sì jẹ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, mo bá a wí, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́, fóònù ló sì kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àpótí tí o fi ránṣẹ́ ti dé, òun àti wáyà rẹ̀ àti ìwé ìlànà tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ. O ní ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, pé inú rẹ̀ ni a ó máa kó fíìmù, orin ṣọ́ọ̀ṣì àti fọ́tò ẹbí sí, tí yóò sì máa pín wọn sí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù gbogbo wa, tìrẹ tó wà lókè òkun náà pẹ̀lú. O ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí ìṣúra. Kelepi, ta ni kò mọ ibi tí à ń tọ́jú ìṣúra sí? Mo wé e sínú ẹní àtàtà tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí gbogbo ohun tó níyì nínú ilé yìí ti ń sùn láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ́ mi, wáyà nìkan ló yọ síta. Nígbà tó di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀dì ń gbóná bí ibi tí adìẹ ti ń sàba. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe, mo tilẹ̀ ń kí i kú iṣẹ́. Lesieli àbúrò rẹ ló sáré fà á jáde, ó ní Màámi, ṣé ilé lẹ fẹ́ sun ni. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé báyìí, a gbé e lé agolo ẹran tó ti ṣófo kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

O béèrè pé báwo ni àyè inú rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Ṣe é bí abà iṣu ni tèmi, má wo èyí tó wà nílẹ̀ lónìí, wo èyí tí ń bọ̀. O tún ní ohun tó bá ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wà níbi méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́yìn òde ilé yìí nítorí iná àti ìjì. Ilé àǹtí rẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ni mo kọ́kọ́ rò ó sí, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ohun arákùnrin rẹ̀ tó bá wọ ilé rẹ̀ ti di tirẹ̀, ẹ̀tọ́ arábìnrin ni, a kì í bá a jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé fìríìjì wa lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e lọ. Nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ ní Auckland ni kí ẹ̀dà kejì wà.

Wàyí o, ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ tí o pè yẹn, mo tẹ ibi tí ń mú fóònù pariwo nítorí etí mi. Àǹtí rẹ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tí a jọ ń hun ẹní wà níbẹ̀, Lesieli náà wà níbẹ̀. O bú sẹ́rìn-ín, o ní kí n sọ fún Lesieli kó yé sunkún lórí fíìmù nọ́ọ̀sì àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, pé o rí i lórí àpótí pé ó wò ó dé àárín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbí. Fíìmù ìfẹ́, Kelepi! Àbúrò rẹ ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n arábìnrin ni, òun ló ga jù ọ́ lọ. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ ti hù ni ẹ̀yin méjèèjì kò ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Bàbá rẹ kọ́ ilé kékeré fún ọ lábẹ́ igi àgbọn kí o má baà sùn lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ wá jókòó sí Auckland, ò ń ka omijé rẹ̀.

Lesieli dìde. Ó fi ẹní tó ń hun sílẹ̀, ó lọ sídìí àpótí, ó mú díìsìkì kékeré tó dà bí ọṣẹ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dì í sínú aṣọ ìnujú. Ìwọ náà mọ díìsìkì tí mo ń wí. Òun ni fídíò bàbá rẹ wà nínú rẹ̀, èyí tí Lesieli ká sílẹ̀ nígbà àìsàn, lọ́dún tí wọ́n ti ẹnubodè tí o kò fi lè wá sìnkú. Ibi kan ṣoṣo tó kù sí nìyẹn. O ti gbọ́ lórí fóònù bó ṣe ń ró ká, ká, ká bí ọmọńlé, o ní kò ní pẹ́ kú, pé torí rẹ̀ gan-an ni o ṣe dá ètò àpótí yìí sílẹ̀. Lesieli wá ní òun kò ní kó ohùn bàbá òun sínú ilé tí wọ́n ti ń yọjú wo òun.

Èmi rò pé inú àpótí ni o ti ń yọjú ní tòótọ́. Mo ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí Auckland. Ìyàwó pásítọ̀ sọ fún mi pé Auckland kò sí lápá ibẹ̀, mo tún aṣọ ta. Lẹ́yìn náà ni Lesieli là mí lọ́yẹ̀, pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àgbà àpótí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí ohun tí olúkúlùkù ń wò, àti ibi tó ti dá a dúró.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí lóko. Mo mọ̀ ọ́, o kì í ṣe aláìlójútì. Àárò ilé ló ń ṣe ọ́. Ẹni tó jìnnà sílé á máa yọjú láti ojú ihò èyíkéyìí tó bá rí, kó ṣáà lè mọ̀ bóyá àwọn ará ilé jẹun, bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé ihò tí o rí kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí àpótí yẹn bá jẹ́ ilé, ó yẹ kó ní ògiri bíi ti ilé tí bàbá rẹ kọ́.

Mo bá ọ bẹ Lesieli. Mo ró ẹní mọ́ ìbàdí bí a ti ń ṣe tí a bá ń tọrọ àforíjì, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní háà, Màámi, ẹ dìde, kí ni mo fi ṣe yín. Mo ní èmi kọ́ ló jókòó síbí, Kelepi ni, òkun ni kò jẹ́ kó dé. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àgbà gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó gbà á. Ó ní rárá, òun náà kò gbọdọ̀ mọ ohun tí arákùnrin òun ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣe já sọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí o kọ sínú ìwé ìlànà ló fi wọlé, ó yí i padà, ó kọ́ mi ní ibi tí n óò máa tẹ̀. Nítorí náà, bí àpótí bá ní òun kò mọ̀ ọ́ rí, kò bàjẹ́ o, ìyá rẹ ni. Ilẹ̀kùn mìíràn tó ní orúkọ rẹ wà níbẹ̀, Lesieli ti fi bí wàá ṣe gba ibẹ̀ wọlé ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ.

Díìsìkì náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó ń ró ṣáá, Lesieli gbé e lé orí ìrọ̀rí bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ìgbà yẹn ló tó gbà. Bí fídíò bàbá rẹ ṣe wọlé tán, ó dákẹ́, kò sì tún ró mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹ̀dà kejì náà, má jẹ́ kó pẹ́, o ti rí bí díìsìkì yìí ṣe kú. Fi pa'anga díẹ̀, owó ilẹ̀ wa níbí, kún un fún owó iná, torí àpótí yìí kì í sùn. Bá mi wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹran oníyọ̀ kan fún àǹtí rẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ bẹ arábìnrin rẹ, láìdárúkọ fíìmù kankan. Ọlọ́run bàbá rẹ yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, àjò kò ní pẹ́ ọ títí o óò fi gbàgbé ilé, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, a ó sì rí ara wa láyé.

Nígbà tí o bá fẹ́ wo bàbá rẹ, dá nìkan wò ó. Orí ibùsùn ló wà, ó ń kọ́ni ní ohùn ìsàlẹ̀ orin Kérésì. Ní àárín, ó gbọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó dá orin dúró, ó béèrè bóyá ìwọ ni. Lesieli ní rárá, ọkọ̀ apẹja ni. Ó ní ẹ jẹ́ ká dúró dè é díẹ̀ sí i. Kò sí orin mọ́ nígbà náà, ó kàn ń dúró, Lesieli kò sì pa fóònù. Má ṣe rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọ wà lẹ́yìn ìdúró yẹn. Bí o kò bá lè kọjá ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi yóò rí ibi tí o dá a dúró, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Sinmi, kí o padà wá lọ́jọ́ kejì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Losaline